Igi Apá tó Tẹ̀ Lé Ilé Ìdáná Àna

"Ibi tí igi bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni í wó sí." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Kò sí ilé tí wọn kì í ti í pa á. Ọlọ́wọ́ gígùn tún jí ẹran nínú ọbẹ̀, wọ́n á pa á. Ọ̀mùtí tó búra láàárọ̀ tún ń bá ògiri sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á pa á. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á yínmú, àfi bíi pé àwọn fúnra wọn dúró ṣánṣán bí òpó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé igi wo ni, ta ló gé e, orí kí ló wó lé, wọ́n á ní, "Ṣé òwe náà ni ká máa bi ní ìdí ni?" Ẹ bi í o! Òwe kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Igi apá ni igi náà, ilé ìdáná àna ló wó lé, ọkùnrin tó sì gé e mọ̀ ju gbogbo ayé lọ pé ibẹ̀ ni yóò wó sí.

Ṣóyọmbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Agégi ni, ará abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Àfárà nínú igbó Ìjẹ̀bú, láyé ìgbà tí ènìyàn méjì ṣì máa ń fa ayùn kan ṣoṣo láàárín ara wọn. Iṣẹ́ náà yé e yékéyéké. Igi tí àwọn mìíràn á máa yí po láti àárọ̀, Ṣóyọmbọ́ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ gbá a ní ìdí, á sì tọ́ka sí ibi tó máa sùn sí. Oyènúgà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń di orí kejì ayùn mú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ṣóyọmbọ́ máa fún un nìyí: "Má bá igi jiyàn. Ibi tó bá tẹ̀ sí ni kó o jẹ́ kó wó sí. Igi tí wọ́n bá bá jiyàn, èèyàn ló ń pa."

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Etí rẹ̀ kò lè gbọ́ "kò ṣeé ṣe" kí ẹnu rẹ̀ má dáhùn. Bí wọ́n bá ní ẹrù kan kò ṣeé gbé, bí wọ́n bá ní ajá kan kò ṣeé mú, Ṣóyọmbọ́ á ti máa ká apá aṣọ: "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!" Kì í ṣe pé kò mọ àléébù yìí lára ara rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Á délé, á jókòó sórí àpótí, á máa bá ara rẹ̀ wí. "Ṣóyọmbọ́, ta ló bẹ̀ ọ́? Ta ló dárúkọ rẹ? Ṣé ajá tó gé ọ jẹ yìí, ajá bàbá rẹ ni?" Á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí, á búra pé ó tán. Kí ọjà mìíràn tó pé, á tún ti ṣe é.

Ẹnu yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń dá sùn. Ẹfúntọ́lá, ìyàwó rẹ̀, gàrí ló ń tà. Ní àsìkò òjò kan, odò kún, àwọn obìnrin abúlé ní kò ṣeé kọjá sọ́jà, àwọn á dúró kó fà. Ṣóyọmbọ́ ń kọjá lọ ní tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. "Omi kékeré yìí náà lẹ ń sá fún? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!" Ó so pákó pọ̀, ó kó gbogbo àpò gàrí ìyàwó rẹ̀ lé e lórí, ó tì í sódò. Pákó náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó dojú dé. Ṣóyọmbọ́ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Gàrí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹja odò náà mu gàrí yó lọ́jọ́ yẹn.

Ẹfúntọ́lá kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì já Ṣóyọmbọ́ láyà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn Abíọ́nà, ọmọ wọn, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Abíọ́nà, mi ò bá yín jà torí gàrí. Gàrí á tún wà. Ẹ ní ẹ kì í ṣe oníhàlẹ̀, ẹ̀yin kàn fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Ẹ ní ẹ ò ní ṣe é mọ́. Ó ti sú mi. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi."

Ó lọ lóòótọ́. Ilé wá tóbi jù fún Ṣóyọmbọ́. Ó se iṣu, iṣu jóná. Ó sun òmíràn, kò jinná. Ó máa ń gbọ́ bíi pé Abíọ́nà ń sunkún nínú yàrá, á dìde, á rántí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sì mọ bó ṣe máa gbé ayé láìsí i. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ bá Bàbá Ọ̀sínúbi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, pé kó jọ̀ọ́ kó bá òun bẹ àwọn àna.

Ẹ mọ̀ pé nílé àna, ọkọ kọ́ ló ń fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ló ń gbẹnu sọ fún un. Iṣẹ́ ti ọkọ ni kó dọ̀bálẹ̀, kó máa wolẹ̀, kó sì dákẹ́.

"Dídákẹ́ yẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," ni Bàbá Ọ̀sínúbi wí. "Bí wọ́n bá ní ewúrẹ́ àwọn bí ìnàkí, kí lo máa sọ?"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Bí wọ́n bá ní kò sí agégi gidi kan ní gbogbo Ìjẹ̀bú ńkọ́?"

Ṣóyọmbọ́ gbé itọ́ mì. "Wọ́n... Mi ò ní sọ nǹkan kan, sà."

"O rí i? Ó ti fẹ́ bọ́!" Bàbá kọwọ́ sápò, ó mú orógbó kan jáde. "Gbà. Fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń bọ̀ lọ́fun, gé e jẹ. Orógbó korò, ṣùgbọ́n kò korò tó kéèyàn máa dá sùn."

Wọ́n dé abúlé àwọn àna. Àgbàlá ni ìyá Ẹfúntọ́lá ti gbà wọ́n lálejò, níwájú ilé ìdáná rẹ̀ tó fi amọ̀ kọ́, tó sì fi ewé bò. Ibẹ̀ ni ó ti ń se oúnjẹ tà fún àwọn tó ń lọ sóko, òun ló fi ń jẹun. Ṣóyọmbọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orógbó lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá Ọ̀sínúbi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní ẹ̀yìn tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ẹni tó ti kọ́gbọ́n ni. Ìyá dá a lóhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju òwe sí ara wọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣóyọmbọ́ jí ojú wo ẹnu ọ̀nà. Ẹfúntọ́lá dúró síbẹ̀, Abíọ́nà wà lápá rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì le mọ́.

"Ó dáa," ni ìyá wí níkẹyìn. "Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọmọ yín yìí. Láti ìgbà tí ẹ ti dé, kò tíì sọ gbólóhùn kan. Bóyá ó ti yí padà lóòótọ́. Ẹfúntọ́lá, lọ di ẹrù rẹ."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tán! Ẹrù kù díẹ̀ kó dì. Ká ní òjò rọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, ká ní adìẹ kan ké, à bá má ní òwe lónìí. Ṣùgbọ́n ìyá dìde láti lọ bu omi fún wọn mu, ó sì tọ́ka sókè.

"Ẹ sún kúrò níbẹ̀ o, Bàbá. Ẹ má jókòó sábẹ́ igi apá yẹn. Ẹ ò rí bó ṣe tẹ̀ lé ilé ìdáná mi? Àwọn agégi ti wá, wọ́n ti wò ó sú. Wọ́n ní àfi kí wọ́n gùn ún, kí wọ́n máa rẹ́ ẹ wálẹ̀ ní ẹ̀ka ní ẹ̀ka. Wọ́n ní bí a tilẹ̀ kó gbogbo agégi inú ayé jọ, kò sẹ́ni tó lè wó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣeé ṣe."

Ṣóyọmbọ́ gé orógbó jẹ.

Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n òjìji igi náà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ti rí i bó ṣe tẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò ṣeé ṣe. Bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ní òun fẹ́ dán an wò, ó máa lé onítọ̀hún lọ sílé ni. Ó tún gé orógbó jẹ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ nínú pé, "Ṣóyọmbọ́, dákẹ́. Ìyàwó rẹ ń di ẹrù. Igi yìí kì í ṣe tìrẹ. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè." Ó wá fahọ́n wá orógbó yókù. Ó ti tán.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo ẹni tó sọ̀rọ̀. Bàbá Ọ̀sínúbi fa fìlà bojú. Ṣóyọmbọ́ gbìyànjú láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni màá wó o sí, Màmá. Lẹ́ẹ̀kan náà! Kí oúnjẹ ọ̀sán yín tó jinná!"

Ìyá gbé ife omi sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bínú.

"Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ó dáa. Wá gé e lọ́jọ́ ìsinmi ọjà. Bó bá wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìyàwó rẹ á bá ọ lọ kí igi náà tó gbẹ. Bó bá fi ewé kan ilé ìdáná mi, má wá síbí mọ́."

Ẹfúntọ́lá tú ẹrù rẹ̀ padà. 

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n dé odò. Níbẹ̀ ni Bàbá Ọ̀sínúbi ti ní, "Ẹ̀bi mi ni. Orógbó méjì ló yẹ kí n mú dání." Ṣóyọmbọ́ fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ká ní igbá orógbó lẹ gbé wá, ǹ bá jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ ọ́."

Nígbà tí ọjọ́ pé, òun àti Oyènúgà ti dé ìdí igi kí ìrì tó gbẹ. Oyènúgà yí i po, ó mi orí.

"Ṣóyọmbọ́, jẹ́ ká gùn ún. Ká rẹ́ ẹ ní ẹ̀ka ní ẹ̀ka."

"Mo ti sọ pé lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ta lo sọ fún? Igi ò sí nínú àdéhùn yẹn."

Ṣóyọmbọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Bó bá gùn ún báyìí, kò sí ohun tó máa ṣe ilé ìdáná. Ìyá lè fi ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti ń kó àpótí wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń nàka sí i, wọ́n ní, "Òun ló ní òun lè ṣe é." Ọrùn rẹ̀ sì ti gùn sókè. Ó so okùn ńlá mọ́ igi lókè, ó ní kí àwọn géńdé lọ máa fà á láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń wọ ilé ìdáná, tó ń jáde, tó tún ń wọ̀ ọ́. Ó rò pé ilẹ̀ ló ń gbá.

Wọ́n fi àáké gbẹ́ ẹnu sí ìdí igi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí wọ́n fẹ́ kó dojú bolẹ̀ sí. Wọ́n wá bọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń fa ayùn láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Fọ̀ọ́, fọ̀ọ́, fọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ayùn ò lọ mọ́, ayùn ò bọ̀ mọ́. Igi ti jókòó lé e.

"Ó ti sọ tirẹ̀," ni Oyènúgà wí, ó sì jọ̀wọ́ ayùn. "Ibi tó tẹ̀ sí ló fi gbogbo ara rọ̀ sí yẹn."

"Ẹ fà á!" ni Ṣóyọmbọ́ ké sí àwọn géńdé. Ó gbá èèkàn sínú ibi tí ayùn là, ó gbé òòlù, ó ń gbá a, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Àwọn géńdé fà á. Igi náà mì, ó jọ bíi pé ó fẹ́ gbà. Ariwo sọ. Ṣóyọmbọ́ la ẹnu láti yọ̀.

Okùn já. Àwọn géńdé fìdí lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oyènúgà fa Ṣóyọmbọ́ lápá, wọ́n fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi apá yí ara padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí arúgbó tó fẹ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀, ó sì wó gbìì! lé ilé ìdáná láàárín gbùngbùn. Òrùlé wọlé, ògiri ṣubú síta, eruku bo gbogbo àgbàlá.

 Ìyá Ẹfúntọ́lá káwọ́ lérí. "Ìkòkò mi o! Ìkòkò ìyá mi!" Ó kọjú sí Ṣóyọmbọ́. "Ìwọ agégi, ṣé o ò mọ̀ ni? Ọmọdé inú abúlé yìí mọ̀ pé ibi tí igi bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni í wó sí!"

Ṣóyọmbọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú eruku náà. Gbogbo ènìyàn ń retí pé ó máa ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá tún un kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú." Oyènúgà tilẹ̀ ti di ojú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin náà ti gbẹ.

"Mo mọ̀, Màmá," ló wí. "Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ènìyàn. Mo mọ ibi tí gbogbo igi inú igbó tẹ̀ sí. Èmi fúnra mi ni mo ń purọ́ fún pé mi ò tẹ̀. Mo tẹ̀, Màmá. Ibi tí mo tẹ̀ sí náà ni mo wó sí yìí." Omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ẹ̀rín. Ẹfúntọ́lá ni. Ó wà lábẹ́ igi ọsàn ní ìkángun àgbàlá, ó ká ẹní tó fi bo ẹrù kan kúrò. Gbogbo ìkòkò ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọlọ, àti odó, àti àwo, àní títí kan ìyẹ́ adìẹ tó fi ń fẹ́ iná. Kò sí èyí tó fọ́.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ ibi tí igi yẹn tẹ̀ sí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo sì ti mọ ibi tí ọkọ mi tẹ̀ sí. Mo ti ń kó ẹrù jáde kí wọ́n tó pọ́n àáké." Ó rìn wá sí ibi tí Ṣóyọmbọ́ dọ̀bálẹ̀ sí. "Ta ló sọ fún yín pé ọkọ tí kò tẹ̀ ni mo ń wá, Bàbá Abíọ́nà? Níbo ni mo ti máa rí i? Ohun tí mo ń wá ni ẹni tó máa gbà pé òun tẹ̀, kí n lè mọ ibi tí mi ò gbọ́dọ̀ dúró sí. Ẹ dìde, eruku ti wọ̀ yín nímú."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn ìkòkò, ó ní, "Mo ti ní kó má wá síbí mọ́." Ó tún wo igi. "Ṣùgbọ́n kò tíì lọ, báwo ló ṣe fẹ́ wá? Kó dúró kọ́ ilé ìdáná mi ná."

Ó dúró. Òun àti Oyènúgà la igi apá náà sí pákó, wọ́n fi kọ́ ilé ìdáná tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bo òrùlé, ojú ọ̀run ṣú, ìyá bá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀ o jàre. Kò sẹ́ni tó lè bo èyí tó kù kí òjò yìí tó dé." Ṣóyọmbọ́ wà lórí àjà. Wọ́n rí i tó yíjú, wọ́n rí i tó la ẹnu. Ẹfúntọ́lá ò bá a wí. Ó gun àkàsọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi orógbó sí i lẹ́nu, ó sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ kejì, òun, Abíọ́nà àti Ṣóyọmbọ́ padà sílé wọn.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹni kan bá tún ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, tó sì ti búra pé òun ò ní ṣe mọ́. Wọ́n ń pa á fún onísọkúsọ, fún onígbèsè, fún ọ̀lẹ, fún èmi, fún ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n àwa ayé òde òní ti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ìdajì tó rọrùn fún wa láti fi bú ènìyàn la mú. Ní Abẹ́-Àfárà, bí àgbà kan bá ní, "Ibi tí igi bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni í wó sí," ẹni tó wà nítòsí kì í jẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀. Á dáhùn pé, "Ẹni tó bá fẹ́ràn igi, kó tètè kó ìkòkò rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀."